Ẹ Jẹ́ Kí Ó Mọ̀ Ṣáájú: Ìwé Ìlàlóye Lórí Ìrìn Àjò fún Ẹni Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́ Lọ́nà Tó Yàtọ̀ àti Ẹbí Rẹ̀

Òbí, alágbàtọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹni tó ní ọ́tísíìmù tàbí ADHD, tàbí ẹni tí ìró, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn máa ń tètè sú, la kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí fún. A kọ ọ́ fún àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ náà kàn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, ẹni 1 nínú ènìyàn 127 ló ní ọ́tísíìmù ní gbogbo ayé. Ọkọ̀ ojú irin kan kì í kún kí irú wọn má sí níbẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí tó ń wá sí ilé ìwòsàn wa ti pa ìrìn àjò tì. Wọn kì í lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésì mọ́. Bí àgbà bá kú, ìyá á lọ síbi ìsìnkú, bàbá á dúró ti ọmọ nílé. Ó dùn wá, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ náà lè rìnrìn àjò dáadáa. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kò mọ ohun tó kàn. Wọ́n jí i ní ìdájí, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ariwo gba gbogbo ibẹ̀ kan, kò sì sí ẹni tó sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún un, tàbí ìgbà tí yóò parí. Nítorí náà, ohun kan ni ẹ ó máa bá pàdé jákèjádò ìwé yìí: ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tí yóò bá pàdé mọ̀ ṣáájú.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Fóònù tó ń ya fọ́tò ti tó. Bí ẹ bá ráyè, ẹ lọ sí gáréèjì tàbí ibùdókọ̀ náà lọ́jọ́ tí ẹ kò rìnrìn àjò, kí ẹ ya àwòrán ẹnu ọ̀nà, ibi tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, irú ọkọ̀ tí ẹ ó wọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ ní kí àwọn tó wà ní ilé tí ẹ ń lọ fi àwòrán tiwọn ránṣẹ́: iwájú ilé, yàrá tí ọmọ yóò sùn, ojú Màmá àgbà, ajá bí ajá bá wà níbẹ̀. Ẹ tò wọ́n bí wọn yóò ṣe tẹ̀ lé ara wọn, kí ẹ sì máa wò wọ́n pọ̀ ní alaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ rárá pàápàá lè fi ìka tọ́ àwòrán, kí ẹ fi mọ èyí tó ń bà á lẹ́rù.

Ẹ sọ bí nǹkan yóò ṣe tẹ̀ lé ara wọn, ẹ má ṣèlérí aago. Lójú tiwa, kò sí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó ṣíṣèlérí aago fún ọmọ. Bí ẹ bá ní "a ó dé ní aago méjìlá," tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sì mú yín, irọ́ ni ẹ pa fún un, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ yín. Ẹ sọ pé: a ó wọ ọkọ̀, a ó jẹun nínú ọkọ̀, a ó rí afárá ńlá, lẹ́yìn náà a ó dé. Ẹ fi àwòrán kan tó dúró fún "à ń dúró ná" sáàárín wọn. Ẹ ṣàlàyé ìdúró náà fún un kí ó tó ṣẹlẹ̀, torí ó dájú pé yóò ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí ìsìn alẹ́ ìjọ Ìràpadà máa ń kó èrò sí ọ̀nà márosẹ̀ yẹn, kò dára fún irú ìrìn àjò yìí. Nígbà ọyẹ́, ọkọ̀ òfúrufú lè má gbéra fún ọ̀pọ̀ wákàtí nítorí kùrukùru.

Nínú báàgì tí ẹ ó gbé lọ́wọ́, oúnjẹ tí ọmọ máa ń jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó. Ìrìn àjò kọ́ ni ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ láti jẹ ohun tuntun. Bí búrẹ́dì gbígbẹ nìkan ló ń jẹ, ẹ gbé búrẹ́dì. Ìbòtí tó ń dín ariwo kù, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ máa ń dè mọ́rí, wà lọ́jà níbi tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó máa lò ó nílé fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó di pé ẹ gbé e jáde.

Gáréèjì, ọkọ̀ àti ojú irin

Ọkọ̀ tó ń dúró títí tí èrò fi kún ló ń fi ìyà jẹ ọmọ bẹ́ẹ̀ jù lọ. Ẹ ó jókòó nínú ooru, agbèrò ń pariwo, àwọn ọlọ́jà ń na gala àti omi wọlé lójú fèrèsé, ẹnì kan sì dìde tó ń wàásù. Bí agbára bá ká a, ẹ wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní àkókò tí ó ń gbéra, tàbí kí ẹ̀yin ẹbí méjì dá owó jọ gba ọkọ̀ ní drọ́ọ̀pù. Bí kò bá ká a, ẹ kọ́kọ́ rán ẹnì kan lọ gba àyè, kí ọmọ dúró síbi tó parọ́rọ́ títí ọkọ̀ yóò fi fẹ́ gbéra. Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́rọ̀ kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá mọ ohun tó fà á, ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ̀ láti dín rédíò kù.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ó dára jù láti fi ọmọ sí, kí àgbàlagbà wà láàárín òun àti ilẹ̀kùn.

Fún ẹni tó ń lọ láti Èkó sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn, a máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti gbìyànjú ọkọ̀ ojú irin. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ó ti ń gbé èrò láti ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta dé ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà, kìlómítà 157. Ó ní àkókò tí a mọ̀ ọ́n sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọmọ tí ara rẹ̀ kò gbà á láti jókòó lójú kan sì lè dìde rìn. Àléébù rẹ̀ ni pé Mọ́níyà jìnnà sí àárín ìlú Ìbàdàn, àwọn onímọ́tò sì máa ń ya bo èrò ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ ti ṣètò ẹni tí yóò wá gbé yín ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí èrò tú díẹ̀ kí ẹ tó jáde.

Bí agbófinró bá dá ọkọ̀ dúró

Ọ̀rọ̀ yìí ń kó wa lọ́kàn sókè, pàápàá lórí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin. Ọlọ́pàá bi í léèrè orúkọ, kò dáhùn. Wọ́n fi iná tọ́ọ̀ṣì tàn án lójú, ó fi ọwọ́ bojú, ó sì ń mi ara síwá-sẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ó mu nǹkan ni, tàbí pé ó ń ṣe agídí. Ẹ tètè sọ̀rọ̀, kí ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n bá bínú: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ mi ni. Kì í sọ̀rọ̀, ìfọwọ́kàn sì máa ń bà á lẹ́rù. Ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀ rèé." Ìwé yẹn ni kí ẹ wá gbà lọ́wọ́ wa tàbí lọ́wọ́ dókítà yín. Ojú ewé kan ti tó. Kí ó sọ orúkọ ọmọ, ohun tó ní, bí ó ṣe lè hùwà bí ẹ̀rù bá bà á, ohun tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ṣe sí i, oògùn tó ń lò àti nọ́ńbà fóònù ẹni méjì. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà tó ń dá rìn, kí òun fúnra rẹ̀ gbé e sápò.

Pápákọ̀ òfúrufú àti òkè òkun

Àwọn tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń gba físà ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú bàálù. Wọ́n á ní kí ọmọ dúró jẹ́ẹ́ fún fọ́tò, kí ó tẹ ìka mọ́ gíláàsì. Ẹ fi ṣeré nílé: kí ó máa tẹ ìka mọ́ dígí tàbí ojú fóònù, kí ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta títí yóò fi mọ́ ọn lára.

Nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ bàálù pé ẹ nílò ìrànlọ́wọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ àmì DPNA sí orúkọ ọmọ. Àmì tí àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ń lò kárí ayé ni, fún èrò tó ní ìpèníjà ọpọlọ tàbí ti ìdàgbàsókè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí 48 ṣáájú ìrìn ni ó yẹ kí ẹ ti sọ ọ́. Ní Amẹ́ríkà, TSA Cares, ẹ̀ka tó ń ran irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ níbi àyẹ̀wò ara àti ẹrù, ní kí wọ́n pe àwọn ní wákàtí 72 ṣáájú.

Pápákọ̀ Gatwick ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín okùn ọrùn aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán òdòdó sunflower ní ọdún 2016. Ó ti dé ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà báyìí. Ẹni tó bá so ó mọ́rùn ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé òun ní ìpèníjà tí ojú kò rí, kí wọ́n ṣe sùúrù. Kò túmọ̀ sí pé wọn yóò ṣàdédé gbé yín síwájú ìlà, ẹ ṣì ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́.

Ní Nàìjíríà, òfin wà. Òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ní kí a máa kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Ìpèníjà ọpọlọ wà lára ohun tí òfin náà kà sí. Òṣìṣẹ́ tó wà níwájú yín lè má mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ẹ fi ìwé ilé ìwòsàn hàn, kí ẹ sì béèrè ọ̀gá bí ó bá kọ̀.

Oògùn

Inú báàgì ọwọ́ ni oògùn ń wà, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àwọn orílẹ̀-èdè kan ń ṣọ́ oògùn ADHD lójú méjèèjì, Japan kò tilẹ̀ fàyè gba Adderall, tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, rárá, nítorí náà ẹ bi ọ́fíìsì aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ léèrè. Wárápá wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ọ́tísíìmù ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, àìsùn àti oògùn tí a fò sì lè fa gìrì. Bí ẹ bá máa kọjá sí ibi tí aago wọn yàtọ̀ sí tiwa, ẹ wá kí a bá yín tún àkókò oògùn ṣe.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún ọmọ ní Piriton tàbí oògùn ikọ́ kí ó lè sùn lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ṣe ni yóò mú wọn ta kìjí, tí ara wọn kò ní í balẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ó bá kọjá agbára rẹ̀

Ọmọ lè ṣubú lulẹ̀, kí ó figbe ta, kí ó máa gbá ara rẹ̀ lórí. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́, kò sì ṣe é láti dójú tì yín. Ohun tó ń wọ etí àti ojú rẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tó lè gbà lọ. Ìgbátí yóò fi kún un. Bíbi í ní ìbéèrè yóò fi kún un, àdúrà aláriwo pẹ̀lú. Ẹ mú ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ rẹ ohùn yín sílẹ̀, ẹ dúró tì í láìfọwọ́ kàn án bí kò bá fẹ́, kí ẹ sì ṣe sùúrù. Fún àwọn tó ń wòran, gbólóhùn kan tó: "Ẹ jọ̀ọ́, ariwo ló ń dà á láàmú. Ẹ bá wa fún un láyè díẹ̀."

Ní ilé tí ẹ dé

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìrìn àjò ti ń bàjẹ́ rèé, lẹ́yìn tí ẹ ti dé ní àlàáfíà. Ìfẹ́ ni àwọn ará ilé fi ń yí ọmọ ká, wọ́n ń dì mọ́ ọn, wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń bi í pé ṣé ó rántí àwọn. Ẹ ti pe Màmá tàbí Bàbá ṣáájú: "Màmá, ọmọ yín fẹ́ràn yín. Ó lè má kúnlẹ̀, ó lè má dá yín lóhùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n jẹ́ kí ó wọ yàrá ná, yóò jáde wá bá yín." Bí ọ̀rọ̀ bá ti ẹnu Màmá jáde, kò sí àbúrò tàbí àna tí yóò tún fẹ́ fi túláàsì mú ọmọ. Bí òde bá wà, kí ó wá kí àwọn ènìyàn kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnì kan sì wà ní ìmúrasílẹ̀ láti mú un lọ sílé.

Ẹ yí inú àgbàlá ká lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Ẹ wo kànga bóyá ó ní ìdérí, ẹ wo géètì. Omi máa ń fa ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù mọ́ra, bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá sọnù, ibi tí omi wà ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìrìn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú aṣọ tàbí sí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síta níbi tí àjèjì yóò ti rí i. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì, 122 ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.

Fún àgbàlagbà tó ń dá rìn

Ẹ̀yin lẹ mọ ara yín jù. Ọwọ́ yín ló wà bóyá ẹ ó sọ fún ẹnikẹ́ni tàbí ẹ kò ní í sọ. Bí ìgbàgbé bá ń dà yín láàmú, kí ìwé ìrìnnà, tíkẹ́ẹ̀tì àti owó wà nínú báàgì kan ṣoṣo tí ẹ kò ní í bọ́ lọ́rùn, kí ọ̀rẹ́ kan sì pè yín ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àti ní ìdájí. Bí lẹ́tà bá máa ń dàrú mọ́ yín lójú, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà bàálù yín, kí ẹ fi wé èyí tí wọ́n kọ sókè ẹnu ọ̀nà.

Bí ẹ bá padà délé, kí ọmọ fi ọjọ́ kan sinmi kí ó tó padà sí ilé ìwé. Ẹ kọ ohun tó rọrùn àti ohun tó ṣòro sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì rántí, kí ẹ mú ìwé náà wá nígbà tí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ilé ìwòsàn fún ìrìn àjò, kí ó wá bá wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn.