Ẹṣin Tuntun Lágbàlá Yín: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Ẹlẹ́ṣin

Láti ayébáyé ni ẹṣin ti jẹ́ ohun iyì láàárín ọmọ Oòduà: àwọn ẹlẹ́ṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi sọ ara rẹ̀ di ọ̀gá láàárín àwọn ìlú ilẹ̀ ọ̀dàn, àwọn akéwì a sì máa fi ẹṣin ará Ìlọrin wé eégún ilé wọn, títí di òní olónìí sì ni orí ọmọ ìdílé Balógun ń wú ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, nígbà tí ẹṣin wọn bá ń jó wọ Ojúde Ọba. Síbẹ̀, àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ fúnra wọn mọ̀ pé ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó, nítorí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, ìdí sì nìyí tí wọn kò fi yé ra òmíràn láti Òkè Ọya. Òkè Ọya kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹṣin tí ẹ ń rà ti ń wá lónìí, láti ilẹ̀ gbígbẹ wá sí ilẹ̀ ọ̀rinrin, láti inú agbo tó mọ̀ wá sí àgbàlá tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwa tí à ń tọ́jú ẹran ní ilé ìwòsàn yìí sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ yékéyéké ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kì í ṣe àsìkò ìgẹṣin bí kò ṣe àsìkò ìgbàlejò.

Ẹṣin tó wọ ọkọ̀ akẹ́rù ní Kánò tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó ti fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ní gbogbo ọ̀nà, bí wọ́n bá sì so orí rẹ̀ mọ́ òkè, tí kò ráyè tẹrí ba kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti eruku lè ṣàn jáde ní imú rẹ̀, àìsàn lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, omi mímọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀, kí ẹ sì kó koríko rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ó lè máa tẹrí ba jẹun. Ẹṣin àgbà a máa mu tó lítà 25 sí 50 lóòjọ́, a sì máa mu ju bẹ́ẹ̀ lọ bí oòrùn bá mú. Bí ó bá kọ omi yín nítorí pé òórùn rẹ̀ ṣàjèjì sí i, ẹ wò ó bóyá yóò gbà á nínú garawa tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má tíì dà á pọ̀ mọ́ àwọn ẹṣin ilé. Àrùn kan wà tí í mú kí kókó wú sábẹ́ àgbọ̀n ẹṣin títí yóò fi tú ọyún jáde, ó sì lè fara pamọ́ lára ẹṣin fún ọjọ́ 3 sí 14 kí ó tó hàn. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 21, kí garawa àti búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ dá wà, kí olùtọ́jú sì tọ́jú àwọn onílé tán kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àlejò. Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ wọn ìgbóná ara rẹ̀: 37.5 sí 38.5 °C ni ti ẹṣin tí ara rẹ̀ dá. Ṣùgbọ́n ìyàsọ́tọ̀ kì í ṣe àhámọ́. Ẹran agbo ni ẹṣin. Bí kò bá rí ẹṣin ẹgbẹ́ rẹ̀ lókèèrè, yóò máa yán, yóò máa rìn síwá sẹ́yìn, kò sì ní jẹun.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ lè pa ẹṣin, ibẹ̀ ni a ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Ẹṣin kò lè bì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òun nìkan ló ń da koríko tó jẹ: àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń gbé inú ìfun ńlá rẹ̀, ni wọ́n ń bá a ṣe é, oúnjẹ tí wọ́n sì ti mọ́ra ni wọ́n lè bá a dà. Ẹni tó bá ti inú jéró àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ já a sínú àgbàdo àti koríko tútù lọ́jọ́ kan ṣoṣo ń wá inú rírun fún un, ó sì lè jẹ́ kí pátákò rẹ̀ máa gbóná kí ó má lè rìn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ bi ẹni tó tà á léèrè ohun tó ń jẹ, ẹ ra àpò kan tàbí méjì dání, kí ẹ sì máa fi tuntun lú ti àtijọ́, kí tuntun máa pọ̀ sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi pé. Ẹ gbóòórùn koríko kí ẹ tó fún un, pàápàá lásìkò òjò. Èyí tó bá ti bu, ẹ dà á nù. A sì ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fún ẹṣin ní oúnjẹ adìyẹ láé, bó ti wù kí oúnjẹ ẹṣin wọ́n tó lọ́jà: oògùn tí wọ́n ń fi sínú òmíràn láti dènà ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ, bíi monensin, a máa ba ọkàn ẹṣin jẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ sì tó láti pa á.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ mú un wọlé, kí ó má sì jáde títí oòrùn yóò fi là, nítorí àwọn kòkòrò kéékèèké tí í jáni ní àṣálẹ́ ló ń gbé àrùn tí ń pa ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ti tsetse, ojú mọmọ ló ń jẹ, ẹ má so ẹṣin mọ́ etí igbó tàbí bèbè odò. Ẹ máa ṣí ètè rẹ̀ wò: bí èrìgì rẹ̀ bá funfun, tí ibà ń lọ tó ń bọ̀, tí abẹ́ ikùn rẹ̀ ń wú tó sì ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun, ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran kí ó wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gún un ní abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń tọ́jú màlúù, nítorí òmíràn nínú wọn jẹ́ májèlé fún ẹṣin.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, ó sì ń rí yíká ara rẹ̀ àfi ẹ̀yìn gan-an àti iwájú imú rẹ̀, nítorí náà apá èjìká ni kí ẹ ti máa bá a, kí ẹ máa pè é kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan náà ni yóò máa bọ́ ọ lásìkò kan náà. Ẹṣin lè tòògbé lóòró, àmọ́ kò lè sùn fọnfọn àfi bó bá dùbúlẹ̀, kò sì jẹ́ dùbúlẹ̀ níbi tí ọkàn rẹ̀ kò bá ti balẹ̀. Ẹ lọ wò ó ní kùtùkùtù: bí ẹ bá rí koríko ibùsùn tó lẹ̀ mọ́ ìhà rẹ̀ àti gọ̀gọ̀ rẹ̀, ó ti gbà pé ilé rẹ̀ nìyí.

Nígbà tí ọjọ́ 21 bá pé, ẹ fi ẹṣin ilé kan ṣoṣo tí ìwà rẹ̀ tutù mọ̀ ọ́n láti òdì kejì ọgbà kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n jọ jẹko, kí ìdì koríko sì ju iye ẹṣin lọ kí ìjà má bàa bẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀ kó tó rà á, nítorí ẹṣin tí kò tíì gbọ́ ìlù àti ìbọn rí lè gbé ẹni tó gùn ún lulẹ̀ láàárín èrò. Ẹ jẹ́ kí onílù kọ́kọ́ máa lu ìlù lókèèrè nígbà tí ẹṣin bá ń jẹun, kí ó máa sún mọ́ ọn díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa wo etí àti àyà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ń gbọ̀n tó sì ń làágùn, ẹ mú un padà sí ìdí oúnjẹ rẹ̀, kí onílù sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti ibi tó jìnnà ju ti àná lọ.