"Alàájì, Omi Yín Ti Dé Ọ̀dọ̀ Wa"

Ẹ̀bi ara mi ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òun ni mo ń bá wí.

Ẹ̀gbẹ́ òkè kan ní ìlú Ìbàdàn ni ilé mi wà. Ẹrẹ̀ àgbàlá mi sú mi, mo bá pe bíríkìlà, ó da kọ̀ǹkéré sí gbogbo ilẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ògiri. Ó dán, àwọn àlejò sì ń yìn mí. Òjò ńlá kan rọ̀ lóru lẹ́yìn èyí, kò fi ẹrẹ̀ kankan sílẹ̀ fún mi. Bí mo ti ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ láti ìrun àsùbá ni mo bá ìyá arúgbó tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tèmi ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò bú mi. Ó kí mi, ó ní, "Alàájì, omi yín ti dé ọ̀dọ̀ wa."

Mo tẹ̀lé e. Àgbàrá ti gbẹ́ ìdí ògiri ilé ìdáná rẹ̀. Ó ti gba ẹnu kànga rẹ̀ tí kò ga wọlé, omi tí ìyá yìí fi ń ṣe àlùwàlá sì ti pọ́n, ọ̀rá àti èérún pàǹtí ń léfòó lórí rẹ̀.

Àwọn àgbà a máa wí pé àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n n kò bi ara mi léèrè rí pé ta ni ó rán àgbàrá níṣẹ́. Òjò tí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ eléwéko, ilẹ̀ a mu púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù a sì rọra lọ. Èyí tí ó bá bọ́ sórí páànù àti kọ̀ǹkéré kò ríbi wọ̀. Gbogbo rẹ̀ ni yóò ya sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tòun ti ọ́ìlì ọkọ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ìdọ̀tí inú gọ́tà, ó di inú odò.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, lítà omi 100 ni. Òjò tí ó rọ̀ ní Ìbàdàn ní Jímọ̀, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ju mìlímítà 180 lọ. Òrùlé kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ yóò da lítà 18,000 sílẹ̀, èyí tí í ṣe dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 ní ọ̀nà 90. Kí ẹni tí ó bá ti dúró lórí òkè Mápó wo òrùlé Ìbàdàn rí wá ka ìyókù.

Inú àwẹ̀ Ràmàdáánì ni a wà lọ́jọ́ náà. Ó ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ tí ó kú, omi gbé afárá Apẹ̀tẹ̀ lọ, ó sì ba ọgbà Àgọ́dì jẹ́. Ṣáájú èyí, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ti pa ènìyàn tí ó ju 200 lọ, èyí tí àwọn ará Ìbàdàn ń pè ní Omíyalé. Àwọn kan ní àmúwá Ọlọ́run ni. Òjò jẹ́ àmúwá Ọlọ́run, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwa ni a kọ́lé sí ojú ọ̀nà odò, àwa náà ni a ń da ààtàn sínú rẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú, tí a ń wí pé omi á gbé e lọ. Níbo ni ó ń gbé e lọ?

Ìjọba ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1980 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹkéré mọ ojú odò Ògùnpa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2014 Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí ẹ̀kún omi Ìbàdàn. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ojú odò tí a fi kọ̀ǹkéré mọ, ṣe ni ó ń mú omi yára lọ bá ẹni ìsàlẹ̀. Kì í fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀. Ẹ wo Ẹlẹ́yẹlé. Láti 1942 ni wọ́n ti sé odò Ọ̀nà níbẹ̀ kí ará ìlú lè rí omi mu. Igbó tí ó yí i ká tí ń sẹ́ àgbàrá ni a ti ń gé kọ́lé, tí ẹrẹ̀ àti pàǹtí sì ń ṣàn wọ inú omi tí a óò bù mu.

Ní tèmi, mo pe bíríkìlà padà. A fọ́ ìlàjì kọ̀ǹkéré náà, a gbin koríko sí i. A gbẹ́ kòtò níbi tí ó jìnnà sí kànga àti sí ìpìlẹ̀ ilé, a kó òkúta kún un kí omi lè máa rì síbẹ̀. Mo gbé dúrọ́ọ̀mù mẹ́rin sábẹ́ òrùlé, a sì mọ ẹnu kànga ìyá sókè. Owó tí mo ná ju ti ìṣáájú lọ, kò sì sí àlejò tí ó yìn mí.

Òjò tún rọ̀ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó. Ìyá ní, "Alàájì, omi tiyín ti dín kù o, ẹ ṣeun. Èyí tí ẹ ń wò yìí, ti ẹni tí ó wà lókè yín ni." Lóòótọ́, ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ da kọ̀ǹkéré sí àgbàlá tirẹ̀ ni. Ọ̀la ni èmi àti ìyá yóò gòkè lọ kí i.