Ìtọ̀ Ṣúgà: Àyẹ̀wò Oṣù Mẹ́ta



Bàbá kan wà tí wọ́n máa ń wá sí dìsípẹ́ńsárì wa ní Adó-Èkìtì nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Bí ọjọ́ àyẹ̀wò wọn bá ku ọjọ́ mẹ́ta, wọn á pa iyán àti ẹmu tì. Bí a bá gún wọn lábẹ́rẹ́ lórí ìka láàárọ̀, ṣúgà á ti wálẹ̀, bàbá á sì rẹ́rìn-ín lọ sílé. Ṣùgbọ́n egbò ẹsẹ̀ wọn kò jiná, ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò tan wá o, ara yín lẹ ń tàn."

Àyẹ̀wò kan wà tí ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kò lè yí padà. HbA1c ni orúkọ rẹ̀. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á lẹ̀ mọ́ purotéènì pupa tó wà nínú hóró ẹ̀jẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí hóró náà yóò fi kú. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni hóró ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò láyé. Nítorí náà ni àyẹ̀wò yìí ṣe ń sọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn. Dókítà Samuel Rahbar, ọmọ ilẹ̀ Ìránì, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ lára àwọn onítọ̀ ṣúgà ní 1968. Ní 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé bí ó bá tó 6.5 nínú 100, ìtọ̀ ṣúgà ni. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ń lo oògùn, kí ó má tó 7 ni à ń fẹ́.

Nígbà tí a ṣe é fún bàbá, 11 ló jáde. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: hóró ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ SS kì í pẹ́ láyé, nítorí náà àyẹ̀wò náà lè sọ pé ṣúgà rẹ̀ kéré nígbà tí kò kéré. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára. Ẹni tó jẹ́ AS pàápàá, kí ó sọ ọ́, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan lè ṣì í kà. Fún irú wọn, dókítà lè yan àyẹ̀wò fructosamine, tó ń sọ ti ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ má tìtorí èyí pa àyẹ̀wò orí ìka tì. Òun ló ń sọ ti òní. Ẹ béèrè HbA1c lọ́wọ́ dókítà yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta bí ṣúgà kò bá tíì rọlẹ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún bí ó bá ti rọlẹ̀.

Bàbá ti ń lo oògùn wọn déédéé báyìí, egbò náà sì ti ń san. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà.