Ìsọ̀rí Ìbọn nínú Òfin Nàìjíríà: Ìlànà Yíyan Ìwé Àṣẹ fún Ọdẹ àti Eléré Ìdárayá Ìbọn Yíyìn

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbọn lápátí kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ojú tí òwe yìí fi wo ìbọn ni òfin ilẹ̀ wa náà fi ń wò ó. Nínú Òfin Ìbọn ti ọdún 1959, tí ó wà nínú àkójọ Òfin Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2004, ẹ̀yà ara ìbọn lásán wà lára ohun tí òfin pè ní ìbọn. Ọdẹ tí ó bá ń ṣàwáwí pé ìbọn òun ti bàjẹ́ kò tíì bọ́ nínú ẹjọ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni ìsọ̀rí tí òfin náà pín ìbọn sí, àti bí ọdẹ tàbí eléré ìdárayá ṣe lè mọ èyí tí ó tọ́ sí òun kí ó tó náwó.

Ìsọ̀rí Mẹ́ta

Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn ìbọn tí a kà léèwọ̀. Lára wọn ni àgbá, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ìléwọ́ tí kì í ṣe ti afẹ́fẹ́, àti ìbọn àwọn ológun tí ìwọ̀n ojú ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7.62, mìlímítà 9 tàbí íǹṣì .300. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè fọwọ́ sí ìwé àṣẹ fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn ara ẹni. Abẹ́ rẹ̀ ni ìbọn ọdẹ alákátíríìjì wà, bí i ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì. Abẹ́ rẹ̀ náà ni ráìfù ìdárayá tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ológun, àti ìbọn afẹ́fẹ́ wà. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni òfin fún ní agbára láti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ wọn. Ṣùgbọ́n òfin yọ ìbọn alákátíríìjì tí ó ń ki ara rẹ̀ kúrò nínú ìsọ̀rí yìí, ó sì yọ èyí tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń kì í pẹ̀lú.

Ìsọ̀rí kẹta ni ìbọn tí a ń ti ẹnu kì, èyí tí ṣakabùlà jẹ́ olórí wọn.

Yíyàn fún Ọdẹ

Ohun tí ọdẹ fẹ́ pa àti ibi tí ó ti ń dẹ̀gbẹ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ rò. Ọdẹ tí ó ń pa òkété àti ọ̀yà ní ẹ̀bá oko kò nílò ju ìbọn ẹlẹ́nu kan lọ. Ṣakabùlà rọrùn láti rà, ṣùgbọ́n kíkì rẹ̀ ń gba àkókò, òjò a sì máa ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ráìfù ni ọdẹ fẹ́, kí ó béèrè ìwọ̀n ojú ihò rẹ̀ kí ó tó béèrè iye owó rẹ̀, nítorí pé ìwọ̀n yìí ni ó ń fi ráìfù ìdárayá hàn yàtọ̀ sí ti ológun. Òfin kò gbà kí a gé ẹnu ìbọn kúrú láti lè fi í pamọ́ sábẹ́ aṣọ.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ìwé àṣẹ ìgbẹ́ dídẹ. Ẹni tí ó ní ìwé ìbọn tí ó pé pérépéré kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pa ẹran nínú Ọgbà Ẹranko Àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé.

Yíyàn fún Eléré Ìdárayá

Ọ̀rọ̀ eléré ìdárayá yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé àwọn òfin eré àti òfin ilẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà bá ara wọn mu. Nínú ìdíje Òlíḿpíìkì, a ń yin ìbọn afẹ́fẹ́ láti ibi tí ó jìn tó mítà 10. Ìbọn afẹ́fẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ gígùn tàbí ti ìléwọ́, wà ní ìsọ̀rí kejì. Ẹni tí ó ń yìnbọn sí àwo amọ̀ tí a jù sókè lè lo ẹlẹ́nu méjì. Ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ tí a ń lò fún ìdíje mítà 25 bọ́ sí ìsọ̀rí kìíní. Nítorí náà, ibi ìbọn afẹ́fẹ́ ni ó bọ́gbọ́n mu jù fún akẹ́kọ̀ọ́ eré yìí láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí Ìwé Àṣẹ Kò Tọ́ Sí

Òfin kò fàyè gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún tí ó ṣáájú.

Ìṣòro Èdè

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ òfin yìí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó kàn kò gbọ́ ọ. Nínú Yorùbá, "ìwé ìbọn" kò sọ irú ìbọn tí ìwé náà wà fún. Èyí lè mú kí ẹni tí ó ní ìwé ṣakabùlà rò pé ó bo ẹlẹ́nu méjì pẹ̀lú. Ó sì lè mú kí ẹlòmíràn ka káàdì ẹgbẹ́ ọdẹ sí ìwé àṣẹ. Àṣìṣe yìí lè náni púpọ̀: lábẹ́ òfin ìdigunjalè àti ìbọn ti ọdún 1984, ẹni tí a bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìbá òfin mu lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá jura. A dábàá pé kí a máa pe orúkọ ìsọ̀rí mọ́ ìwé náà: "ìwé ṣakabùlà", "ìwé alákátíríìjì", "ìwé ráìfù ìdárayá", "ìwé ìbọn afẹ́fẹ́".

Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ìsọ̀rí ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìbọn, kì í ṣe ìbọn ni ó yẹ kí ó ṣáájú ìsọ̀rí. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ra ìbọn kọ́kọ́ lọ ṣèwádìí ní àgọ́ ọlọ́pàá. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ ọdẹ ní ìjálá ní kíláàsì lè fi ìsọ̀rí mẹ́ta yìí kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ aáyan ògbufọ̀, kí ọmọ náà lè ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ nílé.