PERRY FARRELL: ÒDE ÌDÁGBÉRE LÓ ṢE, ÒDE WÁ DI TI GBOGBO AYÉ

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ ti olórin Amẹ́ríkà kan. Peretz Bernstein ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní New York lọ́dún 1959. Iṣẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ wúrà ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, àmọ́ orin ló wu ọmọ. Ló bá kọrí sí Los Angeles, ó sọ ara rẹ̀ di Perry Farrell. Ní 1985, wọ́n dá ẹgbẹ́ Jane's Addiction sílẹ̀.

Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí rédíò fẹ́ràn nígbà náà. Nígbà tí àwo wọn, Ritual de lo Habitual, jáde ní 1990, àwọn onísọ́ọ̀bù kan yarí pé àwọn ò ní pàtẹ rẹ̀, nítorí àwòrán oníhòòhò tó wà lára páálí rẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n ṣe páálí mìíràn, funfun báláú, wọ́n kọ òfin Amẹ́ríkà tó fún ará ìlú lómìnira ọ̀rọ̀ sísọ sí i lára. Ọjà kan náà, aṣọ méjì! Ẹni tó bá mọ ọjà tà á mọ̀ pé orí wọn pé.

Ṣùgbọ́n ìjà àti oògùn olóró ò jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà gbádùn. Ní 1991, wọ́n fẹ́ túká. Farrell ní àwọn ò ní túká ní kọ̀rọ̀. Ó kó ẹlẹgbẹ́ orin jọ: Ice-T tó ń kọ rápù, Siouxsie láti England, Nine Inch Nails. Wọ́n ń ṣeré láti ìlú dé ìlú. Lollapalooza ló pe òde náà. Àwọn onírápù àti onírọ́ọ̀kì kì í sábà jókòó sórí ẹní kan náà láyé ìgbà yẹn o! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ní Arizona, òun àti Dave Navarro tó ń ta gìtá fún wọn wọ̀yá ìjà. Síbẹ̀ èrò ń wọ́ tìrítìrí. Kí ọdún tó parí, ẹgbẹ́ ti túká. Òde ìdágbére kò lọ.

Kì í ṣe pé ó rọgbọ títí. Ó dákú lẹ́yìn 1997, ó jí ní 2003. Ní 2004 tíkẹ́ẹ̀tì ò tà, wọ́n wọ́gi lé e. Ní 2005 ni wọ́n tó so ó mọ́ ojú kan, Grant Park ní Chicago, ibẹ̀ ló ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó dé Chile ní 2011, Brazil ní 2012, India ní 2023.

Ẹgbẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń parí ìjà, wọ́n ń tún un jà. Ní 13 September 2024, níwájú èrò ní Boston, Farrell, ẹni ọdún 65, lu Navarro lórí pèpéle. Ìyàwó Farrell ní ariwo ohun èlò ni ò jẹ́ kí ọkọ òun gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Bàbá náà tọrọ àforíjì, àmọ́ wọ́n fagi lé ìyókù ìrìn-àjò wọn. Oṣù tó ṣáájú ìjà yẹn, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni èrò fi kún Grant Park fọ́fọ́.