Iṣẹ́ Baba Di Orúkọ Ọmọ ní Ròmáníà

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ ọwọ́ kò níyì, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ti àwọn ará Ròmáníà. Fieraru ni alágbẹ̀dẹ, Olaru ni amọ̀kòkò, Croitoru ni télọ̀. Iṣẹ́ baba ńlá ló di orúkọ ìdílé. Popescu ńkọ́? Ọmọ àlùfáà ni. Ionescu? Ọmọ Jòhánù.

Hagi, orúkọ gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù tó gbá Ife Àgbáyé 1994, Alhaji náà ni! Àmọ́ láyé àtijọ́, Kristẹni ibẹ̀ tó bá lọ sí Jerúsálẹ́mù náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Òfin 1895 ló wá fi orúkọ ìdílé rinlẹ̀, kò ṣeé pa dà bó ṣe wuni mọ́. Ọmọ Olaru ì báà di dókítà, "amọ̀kòkò" ni wọn yóò máa pè é. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ṣé ẹ gbọ́?