Nàìjíríà kojú Gánà ní Kumasi: Ẹ̀yìn ta ni kí ọmọ Yorùbá inú Zongo wà?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ méjì tí í ṣe tẹni bá wọ̀yá ìjà níta gbangba, tí ìlẹ̀kẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló dojú kọ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí ìlú Kumasi lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 25, oṣù kẹta, ọdún 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan Gánà lára ní pápá ìṣeré Baba Yara, nítorí àtilọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé wa lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Moshie Zongo. Bí àwa ti ní Sábó ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni Kumasi ní àwọn Zongo tirẹ̀, àdúgbò tí àwọn àlejò tẹ̀dó sí láti ayé àtijọ́. Àwọn Mosi, tí ilẹ̀ bàbá wọn ń jẹ́ Burkina Faso lónìí, ni wọ́n fi orúkọ wọn pe Moshie Zongo. Nínú àwọn Zongo Kumasi, èdè Hausa ni gbogbo ẹ̀yà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, Mosi, Dagomba àti Yorùbá. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ lè sọ Hausa ní mọ́sáláṣí, kó sọ Twi lọ́jà, kó sì fi Yorùbá kí ìyá rẹ̀ nílé.

Ìfigagbága orílẹ̀-èdè méjèèjì kì í ṣe tòní. Krikẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ará Èkó àti àwọn ará Góòlùkóòsì pàdé ní Èkó lóṣù karùn-ún ọdún 1904. Nígbà tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá dé, iná ọ̀rọ̀ náà ràn sí i. Ọdún 1955 ni Góòlùkóòsì fi góòlù 7 sí òdo nà wá ní Accra, ẹgba tí ojú àpá rẹ̀ kò tíì pa. Ní Accra kan náà ni wọ́n ti tún lé wa kúrò nínú ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà pẹ̀lú góòlù 2 sí 1 lọ́dún 2008.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ju bọ́ọ̀lù lọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n máa lọ. Àwọn Yorùbá tó ti dàgbà sí Gánà kó ẹrù wálé sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ṣakí. Ọ̀pọ̀ fi ilé, ọjà àti owó tí oníbàárà jẹ wọ́n sílẹ̀. Òfin náà kò yọ àwọn Mosi sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Shagari náà lé àwọn àlejò kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń pe báàgì kan ní Ghana-Must-Go títí dòní.

Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò mọ̀ pé ìbéèrè náà, “ẹ̀yìn ta lo wà?”, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpárá lásán létí àwọn àgbà inú Zongo.

Ẹ wo Ademola Lookman. Ìlú London ni wọ́n bí i sí. Ó wà nínú àwọn ọ̀dọ́ tó gba ife àgbáyé fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2017, síbẹ̀ ó yan ilẹ̀ àwọn òbí rẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní Kumasi lọ́jọ́ yẹn. A pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kumasi bá wá yan ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí, ṣé ó yẹ ká pè é ní ọ̀dàlẹ̀?

Ọ̀mì òdo sí òdo ni wọ́n gbá ní Kumasi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n tún pàdé ní Àbújá, ní pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ Moshood Abíọ́lá pè. Kò ju ìṣẹ́jú 10 lọ tí bọ́ọ̀lù Thomas Partey fi yọ́ bọ́ mọ́ aṣọ́lé wa, Francis Uzoho, lọ́wọ́. William Troost-Ekong fi pẹnáritì dá a padà ní ìṣẹ́jú 22, ibẹ̀ náà ló sì parí sí. Nítorí pé góòlù tí Gánà jẹ nílé onílé níye lórí ju ọ̀mì ti Kumasi lọ, àwọn ló lọ sí Qatar.

Bọ́ọ̀lù parí láàárín ìṣẹ́jú 90. Ẹni tó ṣẹ́gun jó, ẹni tó pàdánù sunkún, ilẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ní kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ bi ọmọ Zongo pé ẹ̀yìn ta ló wà, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe.